Tírà Ká Ìdí

Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin nígbà tí ọjọ́ tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé dé bá mi. Bí ẹ bá rò pé ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá ìtìjú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, èmi àti ìyàwó mi sì ń gbé ní Ìpọ̀nrí, níbi tí a ṣì wà títí di òní. Èdè Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Mi ò lè gbọ́ gbólóhùn kí n má tú u palẹ̀. Bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ṣi orúkọ ibùdókọ̀ pè, mo máa ń tún un ṣe fún un kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Èmi ní iṣẹ́ ni.

Tinúkẹ́, àbígbẹ̀yìn wa, ló mú Gbénga wá sílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Gbénga, ṣùgbọ́n Mùṣín ni wọ́n bí òun sí, Yábà ló sì háyà yàrá sí, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó mọ̀wé, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó sì dìde bí ẹni tó ń ṣa bọ́tìnnì tó já bọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, àyà ló ń kan ilẹ̀ nínú ìdọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìka."

Ó ní, "Ẹ má bínú sà, màá kọ́ ọ."

Tinúkẹ́ wò mí bíi pé mo da omi tútù sí àlejò rẹ̀ lára.

Ètò ti ń lọ nígbà náà pé kí àwọn ẹbí Gbénga wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń dúró dè. Bí mo bá ní kí wọ́n máa bọ̀, wọn á wá ní Sátidé. Bí mo bá ní rárá, ó parí nìyẹn, nítorí Tinúkẹ́ ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun ò bá fọwọ́ sí. Ẹ rántí èyí o, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Gbénga wá kí wa, fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde sẹ́yìn ilé láti gbé e. Fèrèsé yàrá mi kọjú síbẹ̀. Mi ò yọ́ fetí sí i o. Fèrèsé ló ṣí sílẹ̀, etí mi náà sì ṣí. Mo gbọ́ tó ní, "Tírà ká ìdí ti dé, ẹ̀gbọ́n, ó ku ti ẹsẹ̀. Tí mo bá ti so gbogbo ẹ̀ mọ́ra, Bàbá Tinúkẹ́ ò ní rí nǹkan kan sọ mọ́."

Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tú gbólóhùn náà palẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe lójú pátákó: tírà ni olùwà, ká ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ìdí ni àbọ̀. Tírà ká ìdí. Ìdí ta? Ìdí Gbénga. Nítorí ta? Nítorí tèmi, kí ẹnu mi lè wọhò. "Ti dé" tó tẹ̀ lé e kò bá ìtúpalẹ̀ mi mu, mo sì fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò mi, òdo ni ì bá gbà.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní kí n pe ọmọ náà kí n bi í léèrè. Mo ní ta ló so tírà mọ́ ìdí rí tó jẹ́wọ́?

"Bàbá Tinúkẹ́," ló dá mi lóhùn, tí kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà, "ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn mú yín, ṣé abẹ́ fèrèsé yín ni yóò ti wá máa sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìdí nìyẹn tó fi bí mi nínú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ Gbénga. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló ń rí rẹ́rìn-ín? Bó bá dákẹ́, mo ní ó ń pe nǹkan kan sínú. Nígbà tó tún wá, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, èmi tí mi ò dì mọ́ ọmọ bíbí inú mi rí sì na apá méjèèjì, mo dì mọ́ ọn, mo ń fi ọwọ́ wá ìbàdí rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ọwọ́ mi kan ohun líle kan.

"Kí lèyí?"

"Bẹ́líìtì ni, sà."

Mo wá ẹ̀yìn rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Pọ́ọ̀sì ni, sà." Ó dúró gbọnrangandan, búrẹ́dì lókè.

Nígbà tí Gbénga lọ tán ni Tinúkẹ́ wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Dádì," ó ní, "tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ẹ fún mi, ẹ sọ ọ́, kí n mọ̀. Ẹ má fi mí sílẹ̀ báyìí." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ní kó fún mi láyè di Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí tírà náà kí n tó ba ayọ̀ ọmọ mi jẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí mo mọ̀ pé Gbénga máa ń ṣiṣẹ́ nílé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Yábà pẹ̀lú odidi iṣu kan lápá mi, kó lè dà bíi pé iṣu ni mo gbé wá fún un. Ẹ̀rọ iná ń pariwo nínú ọgbà ilé náà. Mo kan ilẹ̀kùn Gbénga, kò gbọ́. Mo tún kan án. Ilẹ̀kùn ò tilẹ̀ sé dáadáa, bóyá nítorí ooru. Mo rọra tì í.

Gbénga dúró láàárín yàrá. Nǹkan dúdú ńlá kan bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé imú, kò sì ní ihò kankan tí ènìyàn lè fi ríran. Ìgbànú dúdú ká ìdí rẹ̀. Òmíràn ká ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nǹkan kékeré kan wà tó tó ìdérí ìgò, iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Mo fi ojú wá wáyà tó gbé iná débẹ̀. Kò sí wáyà. Mo ní, ó tán. Ìtúpalẹ̀ mi ti yege.

Ó kọjú sí ògiri tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ó ní, "Bàbá Tinúkẹ́, ẹ káàsán sà," ó sì nà gbalaja sórí ẹní. Ó dìde. "Bàbá Tinúkẹ́, ẹ káàsán sà." Ó tún nà gbalaja.

Èmi tí wọ́n ń kí lójú ògiri wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iṣu. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ, kó má jẹ́. Mo di ẹnu mi mú. Kò rọrùn o. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé kọ́ ọmọlọ́mọ pé kí wọ́n máa dáhùn ìkíni, ẹnu rẹ̀ á máa yún un.

Nígbà tó tún dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà dé tòsí mi. Mo ní bí mi ò bá já ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lónìí, wọ́n ti mú ọmọ mi lọ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ìgbànú ẹsẹ̀ náà, ó ya fàrà, mo sì jù ú sínú ike omi tó fi rẹ aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí mo ti gbọ́ pé omi máa ń ba tírà jẹ́. Gbénga kàn mi ẹsẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin bà lé.

Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti orí tábìlì, níbi tí kò sí ènìyàn. "Gbénga, ẹsẹ̀ òsì ẹ ti kúrò lára ẹ o. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Mo wo ẹsẹ̀ òsì ara mi. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Gbénga ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi wà ńbí."

"Kò sí níbẹ̀. Ó ti gùn bí okùn, ó sì ń rì lọ sísàlẹ̀."

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò mi ló sì bá. Mo fò sókè, mo balẹ̀ sórí ẹní, ẹní yọ̀, mo sì ṣubú dojúbolẹ̀. Fìlà mi yí lọ sábẹ́ tábìlì. Àyà mi kan ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń kọ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Gbénga ṣe ṣí nǹkan dúdú náà kúrò lójú, tó rí bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́la tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó nà sílẹ̀ kíá. A wá dojú kọ ara wa lórí ẹní bí alángbá méjì.

"Ẹ dìde, sà."

"Ìwọ dìde ná." Àtàǹpàkò mi kò jẹ́ kí n lè dìde.

"Mi ò lè dìde kí ẹ tó dìde, sà."

Ohùn orí tábìlì ní, "Gbénga, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá Tinúkẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé ìyẹn là ń fi dánra wò. Ta ló wà níbẹ̀ gan-an?"

"Bàbá Tinúkẹ́ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Nígbà tí mo jókòó sórí àga tán, mo na ìka sí nǹkan tó wà ní ìdí Gbénga, mo ní kó sọ òtítọ́ fún mi, irú tírà wo nìyẹn? Ó ní kì í ṣe tírà. Tírákà ni. Mo ní kó tún un pè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí-rá-kà, sà." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò ní olùwà, kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe. "Ti dé" tí mo fò wá jókòó sí àyè rẹ̀ dáadáa: tírákà ìdí ti dé.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, tó tọ́ ọ dàgbà, wà ní Kánádà, kò sì ní lè wálé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú eré kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kan ẹ̀ṣẹ́. Nǹkan ojú náà ló ń jẹ́ kí wọ́n rí inú eré, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ òun nìkan, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ẹnì kejì ń rí, tó ń léfòó bí iwin. Tírákà ìdí àti ti ẹsẹ̀, tó ń sọ ibi tí ara wà fún kọ̀ǹpútà, ló ń jẹ́ kí odidi ara hàn. Àgbàlá ìyá àgbà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n náà ti kọ́ ìdọ̀bálẹ̀, ó sì fẹ́ rí i láti ọ̀hún bóyá ti àbúrò òun délẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé àyà ló gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, sà," ni Gbénga wí.

Mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ohun tó ní tírákà máa ṣe fún mi gan-an nìyẹn.

Ó bẹ̀ mí kí n wọ nǹkan ojú náà kí ẹ̀gbọ́n òun lè kí mi. Mo wọ̀ ọ́ tìfuratìfura. Àgbò ńlá kan tó wọ agbádá ló dúró níwájú mi. Ó ní kí n má bínú, àwòrán tí òun fi ń ṣeré nìyẹn, kò sí àyè láti pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀, ìwo rẹ̀ kan ilẹ̀. "Àbúrò mi yìí nìkan ni mo ní, sà. Mi ò ní lè wà níbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbà á lọ́mọ."

Ó ṣòro láti máa fura sí àgbò tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Kí àwọn ẹbí yín máa bọ̀." Mo dúpẹ́ pé nǹkan náà bo ojú mi, nítorí omi ti lé sí i.

A yọ tírákà inú omi, a sá a sóòrùn, ó sì tún ń tanná. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Gbénga bá wọ inú eré náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ti ẹni tí ibà ń ṣe.

Ní Sátidé, àbúrò bàbá rẹ̀ ló kó àwọn ẹbí wá. Gbénga dọ̀bálẹ̀ síwájú mi. Àyà kan ilẹ̀, orí kan ilẹ̀, kò sí ibi tí mo lè fi gègé pupa sí. Mo ń gbádùn rẹ̀ lọ́wọ́, mi ò tètè ní kó dìde. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yábà fún ẹnikẹ́ni nílé, ṣùgbọ́n Gbénga ti sọ fún Tinúkẹ́, Tinúkẹ́ sì ní ìyá. Ìyàwó mi rọra ní, "Gbénga, dìde jàre, kí Bàbá Tinúkẹ́ tó tún bá ẹ dọ̀bálẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Tinúkẹ́ ló pẹ́ jù, mi ò sì lè bínú sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bà yín lẹ́rù, ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ léèrè kí ẹ tó tú u palẹ̀, ẹ má sì fo apá tí kò bá bá ìfura yín mu. Èmi kọ́ ọ pẹ̀lú àtàǹpàkò mi. Bí mo bá tún gbọ́ nǹkan láti ojú fèrèsé nísinsin yìí, ìyàwó mi a máa bi mí pé olùwà rẹ̀ dà, èmi náà á sì rọra rẹ́rìn-ín, màá pa fèrèsé dé.