Ewé Kan, Sísì Kan

Ọjà Òjówó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Abíbátù onígàrí ti to àpò mẹ́fà síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń retí ọkọ̀ Ibiade tí yóò kó wọn lọ fún àwọn apẹja. Hezekiah, akọ̀wé káńsù, yọ sí i, ìwé òfin lábíyá, ṣọ́ọ̀kì pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣọ́ọ̀kì funfun lọ́wọ́ òsì. Ṣòkòtò rẹ̀ gún régé, nítorí pé ó jí lọ̀ ọ́. Ká ní ó lọ ọ̀rọ̀ tó wá sọ náà bẹ́ẹ̀ ni.

HEZEKIAH: Ẹ káàárọ̀, ìyá. Èmi ni akọ̀wé tí káńsù rán wá fún owó-orí.

ABÍBÁTÙ: Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá akọ̀wé. Baba Mùbàṣírù ti san tirẹ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpótí, lábẹ́ láwàní.

HEZEKIAH: Kì í ṣe owó-orí ọkọ yín. Owó-orí oúnjẹ ni.

ABÍBÁTÙ: Oúnjẹ? Ta ló sọ fún káńsù pé gàrí mi ti bàlágà?

HEZEKIAH: Òfin tuntun ni, ìyá, ó sì rọrùn. Oúnjẹ tútù, tí èèyàn máa lọ sè nílé, kì í sanwó. Oúnjẹ tí iná ti kàn, tí èèyàn lè jẹ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá rà á yóò fi kọ́bọ̀ kan lé sísì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ máa gbà á, àwa la máa gbà á lọ́wọ́ yín. Èyí tó máa san, mo fi pupa sàmì sí i. Èyí tí kò níí san, funfun.

ABÍBÁTÙ: Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará Ibiade kò mọ kọ́bọ̀ àlékún. Bí wọ́n bá rí pupa lára àpò mi, ọkọ̀ ojú omi ni wọn á tù lọ sí ọjà kejì, níbi tí káńsù ibẹ̀ kò tíì gbọ́n tó tiwa. Àpò mẹ́fà yìí á sì jókòó tì mí títí di ọdún iléyá.

HEZEKIAH: Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ọjà wò ká tó sàmì. Káńsù kì í ṣe ìkà.

ABÍBÁTÙ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ òfin náà. Ẹja tútù tó wá láti Òde-Omi?

HEZEKIAH: Funfun.

ABÍBÁTÙ: Ẹja yíyan?

HEZEKIAH: Iná ti kàn án. Pupa.

ABÍBÁTÙ: Èyí tí wọ́n sá sóòrùn ńkọ́?

(Hezekiah ṣí ìwé. Ó fi ìka tọ ìlà kan, ó tọ òmíràn.)

HEZEKIAH: Oòrùn kò sí lábẹ́ àkóso káńsù. Funfun.

ABÍBÁTÙ: Bí wọ́n bá sá a, tí òjò ṣú, tí wọ́n sáré gbé e sórí ààrò díẹ̀?

HEZEKIAH: A ti kọ̀wé sí Ìbàdàn nípa ìyẹn.

ABÍBÁTÙ: Kí èsì tó dé láti Ìbàdàn, ẹja á ti jẹrà.

HEZEKIAH: Tó bá ti jẹrà, kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Funfun.

(Abíbátù fi ìdí lé àpótí rẹ̀.)

ABÍBÁTÙ: Búrẹ́dì?

HEZEKIAH: Funfun.

ABÍBÁTÙ: Búrẹ́dì tó ti inú iná jáde?

HEZEKIAH: Ìgbìmọ̀ rí i pé a kì í dá búrẹ́dì jẹ. Èèyàn á wá bọ́tà, á wá tíì. Títí tí bọ́tà á fi dé, oúnjẹ tútù ni.

ABÍBÁTÙ: Ta ni alága ìgbìmọ̀ náà?

HEZEKIAH: Káńsẹ́lọ̀ Zechariah.

ABÍBÁTÙ: Iṣẹ́ wo ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe?

(Hezekiah yọ áńkáṣífù, ó nu iwájú orí.)

HEZEKIAH: Ó ń yan búrẹ́dì.

ABÍBÁTÙ: Ó ń yan oúnjẹ tútù.

HEZEKIAH: Ìyá, ẹ rọra sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré.

ABÍBÁTÙ: Lójú ìsọ̀ yìí gan-an ni káńsẹ́lọ̀ yín dúró sí nígbà ìbò, tó ń làágùn bí ẹni gbé ẹrù. Ó ní, "Ẹ dìbò fún mi, oúnjẹ wa kò níí san owó-orí láéláé."

HEZEKIAH: Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Oúnjẹ tiwọn kò san.

(Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó húkọ́, ó gbé ṣọ́ọ̀kì pupa sókè.)

HEZEKIAH: Ẹ jẹ́ ká dé orí gàrí.

ABÍBÁTÙ: Oúnjẹ tútù ni gàrí mi. Ẹni tó bá rà á á rè ulé, á gbé omi kaná, á tẹ ẹ̀bà. Ulé ló ti ń jinná.

HEZEKIAH: Ìyá, ta ló ń gbé omi kaná nínú oòrùn ọ̀sán ní Ìjẹ̀bú? Ẹ ti fi iná yan án. Omi tútù la ń dà sí i, ó di mímu. Iná kàn án, ó sì ṣeé jẹ lójú ẹsẹ̀. Pupa.

(Ó na ṣọ́ọ̀kì sí àpò àkọ́kọ́. Abíbátù ti jókòó lé e lórí kó tó dé ibẹ̀.)

ABÍBÁTÙ: Ṣé ìwé yín ní kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ni, àbí kí ẹ méfò?

HEZEKIAH: Kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa, ẹ po díẹ̀, kí ẹ mu ún níṣojú mi.

ABÍBÁTÙ: Mo gbààwẹ̀. Nimotalahi aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbààwẹ̀. Títí dé ìsọ̀ oníyọ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa fi nǹkan kan ẹnu kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

HEZEKIAH: Mẹ́tọ́díìsì ni mí.

ABÍBÁTÙ: A dúpẹ́ fún Alláà tó fi Mẹ́tọ́díìsì sáyé. Ẹ jókòó.

(Ó bu gàrí sínú abọ́, ó da omi àmù sí i, ó fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i. Òórùn kíkan gàrí náà gba inú ìsọ̀. Hezekiah gbé ìwé òfin sílẹ̀.)

HEZEKIAH: Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ebi ló ń pa mí o. Iṣẹ́ ìjọba ni.

(Ó mu ṣíbí kan. Ó dijú. Ó mu mẹ́wàá tẹ̀lé e.)

ABÍBÁTÙ: Ó ṣeé jẹ?

HEZEKIAH: Mi ò tíì lè sọ. Ó ṣì ń rún lẹ́nu. Ẹ bu díẹ̀ sí i.

(Abọ́ kejì.)

ABÍBÁTÙ: Èyí ńkọ́?

HEZEKIAH: Èyí ti rọ̀ jù. Akọ̀wé rere kì í fi àṣejù dájọ́. Ẹ bu ẹ̀kẹta, ká lè wà láàárín.

(Abọ́ kẹta lọ. Hezekiah tú bẹ́líìtì rẹ̀ sí ojú ihò kejì.)

HEZEKIAH: Ìyá, ó dùn mí púpọ̀. Ó ṣeé jẹ lójú ẹsẹ̀.

ABÍBÁTÙ: Èwo ló ṣeé jẹ? Gàrí, omi, ṣúgà àti ẹ̀pà lẹ jẹ. Bí búrẹ́dì bá lè máa dúró de bọ́tà, gàrí náà lè dúró de omi. Èyí tó dá wà nínú àpò ni mo ń tà. Ẹ jẹ ìyẹn.

HEZEKIAH: Ní gbígbẹ?

ABÍBÁTÙ: Bó ṣe wà nínú àpò. Iṣẹ́ ìjọba ni.

(Hezekiah bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sẹ́nu. Ó rún un lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Gàrí há sí i lọ́fun. Ó ń tọ́ka sí àmù.)

ABÍBÁTÙ: Ẹ má ba òfin jẹ́. Ẹ gbé e mì láìsí omi.

(Ojú Hezekiah ti pupa ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fọwọ́ lu itan. Abíbátù dìde, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sáré bu omi fún un.)

ABÍBÁTÙ: Mu omi, mu omi. Sarah ti Àgọ́-Ìwòyè nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ húkọ́ báyìí, tó ń lu itan. Ìwọ ni ọmọ Sarah.

HEZEKIAH: (bí ohùn ṣe padà) Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ mọ màmá mi?

ABÍBÁTÙ: Ọdún mẹ́wàá ló fi ra gàrí lọ́wọ́ mi lọ tà, èrè rẹ̀ ló fi rán ọ níléèwé. Gàrí mi ló sọ ẹ́ di akọ̀wé. Ìwọ náà lo wá fi pupa kàn án.

(Hezekiah dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ìwé òfin dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé abíyá rẹ̀ ló tún há a sí.)

HEZEKIAH: Ẹ má bínú, mà. Kódà, màmá mi fún mi ní sísì kan láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n ra gàrí bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ màmá ẹnì kankan.

ABÍBÁTÙ: Ó mọ ìyàwó káńsẹ́lọ̀.

(Hezekiah dìde. Ó ń gbọn eruku ṣòkòtò tó jí lọ̀.)

HEZEKIAH: Mà, ó wù mí kí n fi funfun sí i. Àmọ́ bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, mo gbọ́dọ̀ ní ìdí kan láti fi hàn wọ́n nínú ìwé. Bí mi ò bá ní in, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, èmi àti Sarah á jọ máa mu gàrí láìní ṣúgà.

ABÍBÁTÙ: Wá ìdí náà. Ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn sí mi létí.

HEZEKIAH: (ó ń kà) "Owó-orí yìí yóò wà lórí oúnjẹ tí a bá tà."

ABÍBÁTÙ: Èyí tí a kò bá tà ńkọ́?

HEZEKIAH: Èyí tí a bá fi tọrẹ kò san.

ABÍBÁTÙ: Sàárà?

HEZEKIAH: Kò san.

ABÍBÁTÙ: Èènì tí a máa ń fi sí ọjà fún oníbàárà?

HEZEKIAH: Ọrẹ náà ni èènì. Kò san.

ABÍBÁTÙ: Báwo ni èènì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

(Hezekiah ṣí ìwé láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú.)

HEZEKIAH: Ìwé kò sọ. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń tajà.

(Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, Abíbátù rẹ́rìn-ín. Ó fa ewé kan yọ láti ẹ̀yìn àpótí.)

ABÍBÁTÙ: Kí nìyí?

HEZEKIAH: Ewé ẹ̀kọ.

ABÍBÁTÙ: Iná ti kàn án?

HEZEKIAH: Rárá, mà.

ABÍBÁTÙ: Ta ló ń jẹ ẹ́?

HEZEKIAH: Ewúrẹ́.

ABÍBÁTÙ: Ewúrẹ́ ń san owó-orí?

HEZEKIAH: Kò tíì sí nínú ìwé.

ABÍBÁTÙ: Ewé ni mo ń tà. Láti òní lọ, Abíbátù eléwé ni orúkọ mi. Ewé kan, sísì kan. Ẹni tó bá ra ewé lọ́wọ́ mi, tí inú mi bá dùn sí i, mo lè wọn òṣùwọ̀n gàrí kan fún un ní èènì.

HEZEKIAH: (ó ń ronú, ètè rẹ̀ ń mì) Ewé: tútù, kò san. Gàrí: èènì, kò san. Mà, ó wà nínú ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi odidi sísì kan ra ewé kan?

ABÍBÁTÙ: Ìwọ. Ìyá rẹ rán ẹ níṣẹ́.

(Hezekiah wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ó yọ sísì, ó fi lé e lọ́wọ́. Abíbátù fún un ní ewé náà. Ó ká a sí méjì, ó dúró. Abíbátù ń lé eṣinṣin.)

HEZEKIAH: Mà.

ABÍBÁTÙ: Hẹn.

HEZEKIAH: Èènì mi dà?

ABÍBÁTÙ: Dákẹ́, ọmọ Sarah. Èènì tí èèyàn bá ń bèèrè bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè, ọjà nìyẹn. Ọjà á sì san.

(Hezekiah mú ṣọ́ọ̀kì funfun, ó sàmì sí àpò kìíní, ó wo Abíbátù. Abíbátù ń wo ojú sánmà. Ó sàmì sí ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Bó ti kan ìkẹfà, Abíbátù ki òṣùwọ̀n bọ gàrí, ó wọ̀n ọ́n kún, ó tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí.)

HEZEKIAH: Mà, ẹ̀kúnwọ́ orí yẹn, kí ni n ó pè é nínú ìwé?

ABÍBÁTÙ: Èènì tó wà lórí èènì. Kọ̀wé sí Ìbàdàn.

(Ọkọ̀ Ibiade fun fèrè lójú títì. Àpò mẹ́fà, funfun mẹ́fà. Hezekiah gbé gàrí mọ́ àyà, ó fi ewé sínú ìwé òfin bí ẹni sàmì sí ojú ìwé, ó ń lọ.)

ABÍBÁTÙ: Ọmọ Sarah.

HEZEKIAH: Mà?

ABÍBÁTÙ: Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún un pé kó fi ewé yẹn ránṣẹ́ sí mi padà. Òun nìkan ni ọjà tí mo ní.