Ilé Gíláàsì Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀

Kọngilá kan wà tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀. Bí o bá kí i láìpe orúkọ yẹn, etí rẹ̀ á di.

Ó kọ́ ilé kan tó dà bí àpótí. Gíláàsì ni ògiri, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, inú rẹ̀ funfun báláú. Àga méjì péré ló wà ní pálọ̀, onírin tínínrín. Kọ́tìnì ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ kọ́tìnì sí i létí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó pe tọkọtaya mẹ́ta wá wo ilé náà, bóyá wọ́n á gbé iṣẹ́ irú rẹ̀ fún un. Ká sòótọ́, ilé ọ̀hún rẹwà. Oòrùn gba gíláàsì wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí símẹ́ńtì dídán. Òjìji ewé ń mì lára ògiri. Àwọn àlejò ń wò ó.

Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. "Èmi ni mo ní kí oòrùn gba ibí yìí."

Kò pẹ́, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wọn ń fi báàgì rẹ̀ fẹ́ ara.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ máa ń jókòó sí lọ́sàn-án?" ló bi onílé.

"Ibí náà ni, èmi àti ìdílé mi. Àwa kì í mọ ooru."

Òógùn ń kán tó-tó-tó ní àgbọ̀n aláṣẹ oòrùn.

Ọkọ nọ́ọ̀sì ti ń wá afẹ́fẹ́ kiri. Ó di ilẹ̀kùn kan mú.

"Ẹrù ló wà níbẹ̀," ni Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ yára wí. "Ẹ má ṣí i."

Ó ti ṣí i.

Yàrá ìkẹ́rùsí ni, kò ní fèrèsé kankan. Fáànù ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyàwó onílé na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ìyá ọkọ rẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi gèlè bojú.

"Ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá àgbà wí. "Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé."

Ẹ̀rín sọ. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó gbé ìrọ̀rí kan kúrò kó lè ráyè jókòó.

"Ta ló ni èyí, mà?"

"Ọkọ mi ni," ìyàwó dáhùn. "Láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, ibí ló ń sùn."

Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ọkọ nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà láti igun dé igun, ó mi orí pé ó dára.

"Sà, ẹ bá wa kọ́ irú èyí. Ẹ fi ti ìta yẹn sílẹ̀."