Owó Tí Gàfárù Ń Gbà Fọ Páìpù ní Bódìjà

Fadékẹ́mi ti aago ògiri bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹní bo rédíò ńlá, ó yọ yẹtí etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì lọ ró ìró kan tí wọ́n ti sọ di aṣọ ìnulẹ̀ láti ọdún ìjẹta.

Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Òṣì náà pé pérépéré.

Kì í ṣe pé nǹkan kan bá a lórí o. Páìpù ni.

Páìpù ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni. Tọkọtaya òyìnbó kan tó ń kó padà sílùú wọn ló ta ẹ̀rọ náà fún wọn, láti ọjọ́ tó sì ti wọlé ni Fadékẹ́mi ti fẹ́ràn rẹ̀ bí ìbátan. Oṣù keje ni, òjò Ìbàdàn kò sì bìkítà pé ọmọ oṣù mẹ́fà wà nílé. Ìlédìí mẹ́rìnlá ni Yínká ń tọ̀ sí lóòjọ́. Fadékẹ́mi kì í sì í fi ìlédìí sí ọmọ nídìí àfi bó bá kọ́kọ́ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, tó dijú, tó wò ó bóyá òtútù kankan ṣì wà níbẹ̀. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún ìlédìí kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ní dókítà kì í yẹ aláìsàn wò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ yìí ti ń wúkọ́. Bí wọ́n bá tàn án, á kọ́kọ́ kùn wùùù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbúkẹ-gbúkẹ, gbúkẹ-gbúkẹ. Aṣọ inú rẹ̀ á gbóná bí ẹ̀kọ mímu, kò sì ní gbẹ. Páìpù tó yẹ kó máa gbé ooru rẹ̀ jáde síta ti dí pa.

Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò ni. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó gbóòórùn òwú tó fẹ́ jó.

"Ìyá Ìyábọ̀, n kò fẹ́ kí ilé jó mọ́ wa lórí. Wá ẹni tí yóò fọ páìpù yìí. Bí owó rẹ̀ bá fi lè ju ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ̀rọ yìí ń lọ sí gbàǹjo ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Bàbá Ìyábọ̀, ìlédìí ọmọ ńkọ́?"

"Oòrùn ń bẹ lókè."

Fadékẹ́mi gbójú sókè. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kò ti rí oòrùn kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ irú iṣẹ́ náà ní gbogbo àdúgbò: Gàfárù, tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án fọ ihò èéfín nílé àwọn òyìnbó. Nàfísátù tó ń gbé ilé kejì ló sì kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti orí ọgbà.

"Kì í wo páìpù kó tó dá iye lé e o. Pálọ̀ ló ń wò. Ọjọ́ tó wá sílé mi, ó rí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣílè mẹ́wàá kún un. Ó rí aago ògiri, ó bá jókòó."

"Kí ni kí n ṣe, Àǹtí?"

"Má jẹ́ kó rí nǹkan kan. Bó bá ṣeé ṣe, má jẹ́ kó rí ìwọ gan-an."

Fadékẹ́mi gbé ọ̀rọ̀ yìí rò títí, ó sì pinnu pé Gàfárù kò ní bá ìyá ilé nílé. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò bá. Ta ló máa gbowó ńlá lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀?

Ẹ̀rín ń pa èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí. Ihò tó wà nínú ọgbọ́n náà tóbi ju ti páìpù lọ.

Kíríín, kíríín.

Gàfárù ló dé yẹn, ó so ọparun gígùn mọ́ kẹ̀kẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ńlá sì wà lẹ́nu ọparun náà.

"Ìyá ilé dà?"

"Wọn ò sí nílé, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bá wọn ṣiṣẹ́." Yínká wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa irun orí rẹ̀.

Gàfárù wo ìró náà látòkè délẹ̀, ó mi orí. "Irú òṣì yìí, ní Bódìjà yìí náà."

Ó wọ ilé ìdáná, ó fi ìka kan páìpù: kò, kò, kò. Ó bọ́ síta, ó fi ojú tẹ̀ lé e títí dé abẹ́ òrùlé.

"Páìpù yìí gùn. Á tó ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Ó tún gun òkè, àkàsọ̀ nìyẹn. Kọ́nà mẹ́ta ló sì ní. Kọ́nà ni ìdọ̀tí ti ń jókòó, bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Ìgbà wo ni wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Wọn ò fọ̀ ọ́ rí."

"Ó tún wọ́n sí i nìyẹn. Kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

Nínú páìpù: ṣíò, ṣíò, ṣíò.

"Ẹyẹ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹyẹ lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pọ́ùn méjì."

Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é ní ṣílè mẹ́wàá. Ẹ sáà wo bí mo ṣe rí."

"Mo ti wò ọ́. Ṣé owó ẹ ni?"

Fadékẹ́mi tún ọ̀já ọmọ so.

"Owó ìyá ilé ni. Kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀? Gbọ́, àbúrò. A ó sọ fún un pé pọ́ùn méjì àti ṣílè márùn-ún. Ṣílè márùn-ún yẹn, tìẹ ni."

Ihò ọ̀hún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń dín owó kù fún ọmọ ọ̀dọ̀, torí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń san án.

Ó yẹ kí Fadékẹ́mi jẹ́wọ́ níbi tó dé yìí. Kò jẹ́wọ́. Ó ní bóyá bí Gàfárù bá mọ̀ pé ìyá ilé kì í yọwó sílẹ̀, á dín in kù.

"Wọn ò ní san án, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n láhun."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Wọ́n tún le. Omi ìwẹ̀ ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́dọ̀ sè é. Ìlédìí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò. Lóru, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀mẹfà láti gbọ́ bóyá ọmọ ń mí. Bí ọmọ bá wá sùn jù, wọ́n á jí i, kí wọ́n lè bi í bóyá ó ń sùn dáadáa."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ń tì í, nítorí ó ń wá irọ́ tó lè fi kún un, òótọ́ nìkan ló ń jáde.

Gbọ̀ọ̀n.

Láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni.

"Kí nìyẹn?"

"Eku ni."

Gbọ̀ọ̀n. Gbọ̀ọ̀n. Gbọ̀ọ̀n.

Gàfárù ń kà á lórí ìka. Ó dé mọ́kànlá, ó dúró. "Eku wo ló mọ aago mọ́kànlá?"

"Aago ni, ẹ̀gbọ́n. Ìyá ilé ló gbé e pamọ́, kí n má baà mọ ìgbà tó yẹ kí n sinmi."

Gàfárù gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyábọ̀, ẹ̀gbọ́n Yínká, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. "Màámi, ebi ń pa mí."

Gàfárù wo ọmọ. Ó wo Fadékẹ́mi. "Ta ló ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Kì í sábà rí ìyá ẹ̀."

"Ọmọ ò mọ ẹni tó bí i mọ́." Ó gbé àkàsọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bínú. "Ó ti di pọ́ùn méjì àti ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Kí ló fà á, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyá ilé náà ni. Obìnrin tó bá ń fi ìlédìí lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa pè mí padà kó tó gbà pé iṣẹ́ mọ́. Mo mọ irú wọn. Páìpù lówó tirẹ̀, òun náà lówó tirẹ̀."

Báyìí ni Fadékẹ́mi ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ fi ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé owó páìpù, òun fúnra rẹ̀ sì wọ́n ju kọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Gàfárù gun òkè. Ó ti ọparun bọ inú páìpù, ó ń fà á, ó ń tì í: ṣáká-ṣáká, ṣáká-ṣáká. Nǹkan kan ṣe gbì. Nǹkan kan ṣe fọ́ọ̀. Ẹyẹ méjì fò jáde, wọ́n ń bú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú páìpù ya wá sínú ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà: òwú funfun kẹ̀ǹbẹ̀kẹ̀ǹbẹ̀, koríko ìtẹ́ ẹyẹ, àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé mẹ́ta tí Fadékẹ́mi ti fẹ̀sùn wọn kan alágbàfọ̀ lóṣù tó kọjá.

Yínká sín. Orí Fadékẹ́mi funfun bí ti ìyá ìyá rẹ̀.

Gàfárù sọ̀ kalẹ̀, ó tan ẹ̀rọ. Wùùùùù. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, atẹ́gùn gbígbóná sì ń ti ẹnu páìpù jáde lókè. Inú Fadékẹ́mi dùn, kó tó rántí Sátidé. Ẹ̀rọ tó dára báyìí, Dùgbẹ̀ ló ń lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà ni, tó gbàgbé ìwé ìdánwò sílé.

"Ìyá..."

"Ẹ káàbọ̀, sà." Fadékẹ́mi ti wà lórí eékún méjèèjì, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Akínsànyà wo ìró náà, ó wo òwú orí rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyàwó rẹ̀ kò tíì kúnlẹ̀ délẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún un.

Gàfárù bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Ìyàwó yín ń fìyà jẹ ọmọ yìí."

"Ìyàwó mi?"

Gàfárù rò ó fún un, kò fi ọ̀kan sílẹ̀: omi tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta, ìlédìí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ tí wọ́n ń jí láti bi í bóyá ó ń sùn, aago abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Akínsànyà fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ má sunkún, ọ̀gá."

"Ẹ jẹ́ kí n sun ún. Ojú mi ti rí." Ó nu ojú. "Èló ni iṣẹ́ yín?"

"Pọ́ùn méjì àti ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Fadékẹ́mi dijú. Akínsànyà wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí láàárín òwú, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ìbọ̀sẹ̀ kan tó fún mọ́ ọwọ́. Ó fi áńkáṣíìfù sápò.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ń sanwó nílé yìí. Ẹ dúró dè é, kò ní pẹ́ dé. Á kọ́kọ́ fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Ó lè ní kẹ́ ẹ padà sókè, kẹ́ ẹ ki ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ inú páìpù."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi?"

"Tiyín ni. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan."

Gàfárù gbé ojú sókè sí páìpù. "Pọ́ùn méjì náà tó, ọ̀gá."

"Mo kọjá lára rẹ̀ ní Àgbowó."

"Pọ́ùn kan."

"Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn bọ̀. Inú sì ń bí i."

"Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Fadékẹ́mi la ojú. Ó ti tó. Ó ń fi orí júwe fún ọkọ rẹ̀ pé kó dákẹ́, ó ti tó. Akínsànyà dẹ etí sílẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ bí géètì ṣe dún yẹn?"

"Ṣílè mẹ́wàá, ọ̀gá, ẹ dákun, kí n máa lọ."

Akínsànyà ka ṣílè mẹ́wàá lé e lọ́wọ́. Gàfárù kò kà á ní tirẹ̀. Ó ti so ọparun mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ti dé ẹnu géètì, kó tó rántí nǹkan kan tó fi pe Fadékẹ́mi. Ó fi ṣílè méjì sí i látẹ́lẹwọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Gbà, àbúrò. Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ṣì ń kérò ní Sáńgo. Gbé ọmọ yẹn fún bàbá ẹ̀, kó o sá lọ kí obìnrin yẹn tó dé."

Ó fò sórí kẹ̀kẹ́. Fíò.

Nígbà tí Fadékẹ́mi yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti na ọwọ́ méjèèjì sí Yínká.

"Gbé e wá," ló wí. "Ọkọ̀ ò ní dúró dè ọ́."