Ẹni Mẹ́wàá Gbọ́dọ̀ Kọ̀ Ẹ́

Ní ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń bá àwọn aláìníṣẹ́ wáṣẹ́, nínú yàrá kejì lápá ọ̀tún, tábìlì kan wà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Akọ̀wé, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Káfíńtà jókòó níwájú rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù há etí bí ẹni tí wọ́n máa gbéṣẹ́ fún nísinsìnyí, ó sì tẹ́ káàdì kan sílẹ̀ bí ẹni tó ti jẹ ayò tán. Lóṣooṣù, aláìníṣẹ́ tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sórí káàdì náà. Aago ara ògiri ní ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù.

"Ọmọ mi, lu òǹtẹ̀. Ó pé."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ ná."

"Káàárọ̀. Ó pé. Ẹni mẹ́wàá ti kọ̀ mí."

"Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?"

"Kò sí ẹni tó ṣojúsàájú nínú wọn."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó gbé òǹtẹ̀ sókè, ó lù ú mọ́ orí káàdì: ÌWÉ TI WỌLÉ. Tábìlì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, bí ẹni tí oorun ń kùn. Kí ó tó dúró, Bàbá Káfíńtà ti tẹ orí ba, ó ń wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ kan kúrú. Wọ́n ká ìwé sábẹ́ rẹ̀. Ta ló ń fi ìwé tún tábìlì ṣe? Pákó tí kò tó ìka, ìṣó kan péré. Òòlù mi wà nínú àpò."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó bá ń gba ìrànwọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbá ìṣó kan níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti ríṣẹ́."

"Ìṣó kan?"

"Ìṣó kan."

"Bí mo bá gbá a dé ìdajì ńkọ́?"

"Bàbá!"

Ó padà jókòó, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ tábìlì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó fi ọdún méjìlélógún sìn ti kógbá sílé, ọwọ́ ló ń yún un. Nílé, ó ti fá ilẹ̀kùn yàrá títí ológbò fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láìṣí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ìfági pamọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù nínú ilé tí kò tíì dín kù, òun kò sì fẹ́ máa sùn nílẹ̀.

Akọ̀wé gbé káàdì sójú. "Ẹ jẹ́ n ka ohun tí wọ́n sọ. Ẹni àkọ́kọ́, ilé búrẹ́dì. 'A kò nílò ẹni tí yóò máa sọ fún wa pé pẹpẹ wa wọ́.'"

"Pẹpẹ wọn wọ́."

"Iṣẹ́ kí ẹ máa to búrẹ́dì lẹ lọ wá!"

"Sórí pẹpẹ tó wọ́! Wákàtí kan ni mo fi dúró, búrẹ́dì mẹ́tàdínlógún ló ṣubú. Mo kà á fún wọn. Inú wọn kò dùn."

"Ẹni kejì, ilé ìwòsàn. Bàbá! Dókítà eegun ni wọ́n ń wá."

"Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé àwọn ń wá ẹni tó mọ eegun tò. Mo ní kí ni ìyàtọ̀? Ohun tó bá yẹ̀ ni à ń tò. Mo sọ òótọ́ fún wọn pé gúlù lèmi máa ń lò."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n kọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn kò fàkókò ṣòfò. Ọkọ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n tún fi gbé mi délé. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àwọn nìkan ni kò jẹ́ kí n san owó ọkọ̀ àbọ̀."

"Ẹni kẹta, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. 'A kò lè gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo.'"

"Wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n fi yàrá hàn mí, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ìyàwó mi ni mo rántí."

"Ẹni kẹrin, ilé ìfowópamọ́. 'Ó ń béèrè bí ilẹ̀kùn yàrá owó ṣe ń ṣí.' Bàbá, ọlọ́pàá ló fọwọ́ sí eléyìí."

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn náà ni! Pákó gidi ni. Àbí ìfọwọ́sí ọlọ́pàá kò tó fún yín?"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu, ó ń kà á lọ. Onígbàjámọ̀ kọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ kọ̀ ọ́. Ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé ó sọ fún àwọn olùkọ́ pé àga wọn ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó dé orí ẹni kẹwàá, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bàbá, tiwọn yìí gùn o."

"Ọ̀gá ibẹ̀ lọ́rọ̀ lẹ́nu."

"'Ọkùnrin yìí mọṣẹ́ ju èmi lọ. Kí ó tó jókòó, ó ti tún ẹ̀rọ tí a fi ń gé pákó ṣe. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó bẹ̀ mí pé kí n dákun, kí n kọ òun. Mo kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń sunkún.'"

Akọ̀wé ju káàdì sílẹ̀.

"Bàbá! Wọ́n fún yín níṣẹ́!"

"Wọ́n fẹ́ fún mi. Orí ló yọ mí."

"Orí yọ yín kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́?"

"Ọmọ mi, fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Lóṣù kìíní, ẹni mélòó ló kọ̀ mí?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí lo ṣe fún mi?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Mo gé ìrànwọ́ yín."

"O ní mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́wàá. Lóṣù kejì ńkọ́?"

"Ẹ ní ẹ mú mẹ́wàá wá."

"Mo mú un wá! Ọwọ́ rẹ ni mo fi lé. O ní káàdì sọnù, o ní ẹni tí kò ní káàdì kò ní nǹkan kan. Oṣù méjì gbáko, ọwọ́ ìyàwó mi ni mò ń wò bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Oṣù kẹta dé. Mo ti kó mẹ́sàn-án jọ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí, ó ní òun fẹ́ gbà mí. Gbà mí kẹ̀! Kí ni mo ṣe fún un?"

"Bàbá, ìdí tí a fi ní kí ẹ lọ bá ẹni mẹ́wàá ni kí ẹnì kan nínú wọn lè gbà yín!"

"Ṣé ẹ kọ ìyẹn sórí káàdì?"

Akọ̀wé yí káàdì sí iwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Rárá."

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa fàmì sí?"

"'Kò sí ààyè.' 'Kò kúnjú òṣùwọ̀n.' 'Ìdí mìíràn.'"

"'A gbà á' ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Mo wá a! Ọ̀gá yẹn náà wá a. Ìgò ojú rẹ̀ la fi jọ wá a."

Akọ̀wé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ síbí pé ẹ ríṣẹ́." Ó tẹ̀, ó dúró, ó mí kanlẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ní ẹni tó bá kọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un, oṣù mẹ́ta láìsí ìrànwọ́."

"Èmi kọ́ ni mo kọ̀. Òun ló kọ̀ mí, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́!"

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

Ó tún tẹ̀ ẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. "Bí mo bá ní ẹ gbà á, Mọ́ńdè lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Áà. Ní Mọ́ńdè kan náà, ẹ ní ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì, dandan ni: 'Bí A Ṣe Ń Wáṣẹ́.'"

"Kò burú. Kí ọ̀gá náà ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá iṣẹ́ tó ti fún mi."

Akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Bàbá, ẹ wò mí lójú. Ẹ fẹ́ iṣẹ́ yìí, àbí ẹ kò fẹ́?"

Bàbá Káfíńtà fẹ́ fi àwàdà dá a lóhùn, àmọ́ àwàdà kò wá. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó ń yí i láàárín ìka.

"Nígbà tí mo wọ ibẹ̀ lánàá, òórùn pákó tútù lù mí nímú. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá náà rò pé mò ń sunkún kí ó lè kọ̀ mí ni." Ohùn rẹ̀ rọ̀, 'ìwọ' sì di 'ẹ̀yin' lẹ́nu àgbàlagbà. "Ẹ gbọ́, ìyá mi, mo fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá lè bá mi ṣe é, ẹ bá mi ṣe é."

"Ṣé wọn kò tíì gba ẹlòmíràn?"

"Ó ní bí orí mi bá padà pé, kí n dé kí agogo méjìlá ọ̀sán òní tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ń bọ̀."

Àwọn méjèèjì wo ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"Báwo ló ṣe jìnnà sí?"

"Òpópónà kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin bí mo bá sáré. Mẹ́fà bí mo bá rìn bí ọjọ́ orí mi."

Akọ̀wé ti gbé fóònù. "Ẹ ǹlẹ́ sà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níwájú mi. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Rárá sà, ara rẹ̀ yá. Ẹ gbà? Ẹ ṣeun sà! Káàdì kẹ̀?" Ó fọwọ́ bo fóònù. "Ó ní òun kò ní í ní ọ̀rọ̀ méjì níwájú ìjọba. Ibi tí òun ti kọ ọ́ pé òun kọ̀ yín, kí ẹ mú un wá kí òun pa á rẹ́."

"Gbé e fún mi!"

"Mo ti lu òǹtẹ̀. Ìwé tó bá ti wọlé kì í jáde."

"O lù ú kó o tó kà á?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n lù ú!"

"Ṣé gbogbo ohun tí mo bá ní kó o ṣe lo máa ń ṣe? Mo ní kó o má gé ìrànwọ́ mi!"

Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ṣe ni tábìlì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà: òǹtẹ̀ lọ, ìkọ̀wé tẹ̀ lé e, fóònù bá wọn lọ, ìwé tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin sì fò jáde. Bàbá Káfíńtà mú un nílẹ̀. Ó tú u, ìká kan, ìká kejì.

"Ọmọ mi, wá wo nǹkan. Orúkọ ta nìyí?"

Akọ̀wé tẹ orí wò ó. "Tiyín."

"Kà wọ́n."

"Mẹ́wàá pé."

"Káàdì tó sọnù lóṣù tó kọjá."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, a wá a títí!"

"Ẹ wá a lórí tábìlì."

Akọ̀wé wo káàdì àtijọ́, ó wo tuntun, ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Bàbá, ìwé máa ń sọnù nínú ọ́fíìsì yìí."

"Èmi lò ń sọ ọ́ fún?"

"Mo ní, ìwé máa ń sọnù." Ó ká káàdì oṣù yìí sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Tòní ti sọnù. A máa wá a títí." Ó fa káàdì òfìfo kan yọ, ó fa igi lé 'Kò sí ààyè' lórí, ó kọ A GBÀ Á síbẹ̀ gàdàgbà. "Kí ọ̀gá yẹn fọwọ́ sí ibí. Kò lọ́rọ̀ méjì mọ́, ẹyọ kan ni. Toṣù tó kọjá yìí, mò ń tẹ̀ ẹ́ wọlé báyìí, ìrànwọ́ yín ń bọ̀."

"Ẹ̀kọ́ ti Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Bàbá, ẹ sáré!"

Bàbá Káfíńtà sáré. Ó fo àtẹ̀gùn méjì méjì, ó kọjá ilé búrẹ́dì láìwo pẹpẹ wọn, nǹkan tí kò rọrùn rárá. Nígbà tí agogo lù níta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń nu ìgò ojú rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí káàdì, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ A GBÀ Á. Òórùn pákó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bàbá Káfíńtà mí sínú bí ẹni tó ti ń mí láti oṣù mẹ́ta tí kò sì rí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yá fóònù ọ̀gá, ó pe akọ̀wé.

"Ọmọ mi! Ó fọwọ́ sí i!"

Akọ̀wé hó lórí fóònù. "Ẹ kú oríire, Bàbá! Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́!"

"Àmín. O ṣeun, o káre."

"Bàbá, ó ku nǹkan kan. Káàdì yìí fẹ́lẹ́, tábìlì ṣì ń fì. Ẹ ti níṣẹ́ báyìí, òfin kò dè yín mọ́. Bí ẹ bá jáde nírọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbá ìṣó kan péré yẹn."

Bàbá Káfíńtà ti pẹ́ńsùlù bọ etí.

"Ṣé káàdì òfìfo ṣì kù lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó kù. Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mú ọ̀kan. Lọ bá káfíńtà mẹ́sàn-án. Bí gbogbo wọn bá ti kọ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, mú un wá. Èmi ni ìkẹwàá."