Àdúrà Tó Ti Ọ̀gá Mi Mọ́lé

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò rò pé màá gbàgbé ọjọ́ tí mo ti ọ̀gá mi mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí nílé oníbàárà kan ní Al Warqa, ní Dubai. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn rárá.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Sharjah, nítòsí Dubai, ló gbà mí síṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n Wálé, ọmọ Ìbàdàn tó ti pẹ́ ní Dubai, ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Òun náà ló kọ kóòdù inú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún. Àsìkò ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá yege, ọ̀gá á ṣe fíṣà fún mi. Bí mi ò bá yege, ilé yá. Ẹ̀rù bà mí. Nínú mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Wálé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yí orúkọ Bluetooth fóònù mi padà sí àdúrà: "Olúwa Má Jẹ̀ẹ́ Kójú Tì Mí Lónìí, Jẹ́ Kí N Rójú Rere Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mi." Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Onílé, ìyá àgbà Lárúbáwá kan tí kì í rẹ́rìn-ín fún ọlọ́jà, fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ wa sí ilẹ̀kùn méje. Ọ̀gá wa, ará Pakistan tó fẹ́ràn àṣehàn, so ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì wọlé.

"Màdáámù, ẹ wò ó, mo ti ara mi mọ́lé. Fóònù mi nìkan ló lè ṣí i!"

Ilẹ̀kùn dún gbàgà. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbé páálí wọlé láti ìta. Iná ara kọ́kọ́rọ́ pọ́n, kọ́kọ́rọ́ náà sì kú fin-ín.

"Yalla, ẹ tètè ṣí i!" Ọ̀gá pariwo láti inú.

Ẹ̀gbọ́n Wálé ní kí n sáré lọ mú kọ̀ǹpútà wá nínú mọ́tò. Bí mo ṣe jáde, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Bí mo ṣe padà dé, ó tún kú. Ọ̀gá ń gbá ilẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, torí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá yẹn, àti pé èmi fúnra mi kì í fẹ́ kí ibi kan há mọ́ mi. Ni mo bá lọ fẹnu ti ilẹ̀kùn: "Sà, ẹ má bẹ̀rù, mo wà níbí, mi ò ní kúrò!"

Mo rò pé ìtùnú ni mo ń fún un.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ fura. Ó nàka sí mi. "Tí ẹni yìí bá ti dé, iná á pọ́n. Tó bá lọ, ara ilẹ̀kùn á yá."

Ẹ̀gbọ́n Wálé ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Àbúrò, sún mọ́bí. Ibi tó yẹ kí nọ́ńbà tó ń ṣílẹ̀kùn wà, 'Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mi' ni mò ń kà níbẹ̀. Ta ló ń gbàdúrà nínú kọ́kọ́rọ́ mi?"

Omi tútù dà sí mi lára. Kọ́kọ́rọ́ wa máa ń ka orúkọ gbogbo fóònù tó bá wà nítòsí, á sì kọ ọ́ sínú mẹ́mórì rẹ̀. Ààyè lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n ni Ẹ̀gbọ́n yà sọ́tọ̀ fún orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní kí kóòdù kọ́kọ́ wọn orúkọ náà wò kó tó gbà á wọlé. Ẹni tó bá ti gbé bedspace rí ní Al Muteena, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan péré tí èèyàn háyà nínú yàrá elérò púpọ̀, á mọ̀ ọ́n: géńdé gígùn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kúkúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnìkejì, ó sì ti onítọ̀hún ṣubú sílẹ̀. Àdúrà mi ló ti nọ́ńbà ṣubú.

"Pa fóònù yẹn," ni Ẹ̀gbọ́n sọ jẹ́jẹ́. "Ẹnu ẹ náà, pa á dé."

Mo pa méjèèjì. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá jáde, òógùn ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lára.

"Bátìrì ni, sà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyá àgbà ti mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Mo rí i níbẹ̀ pé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn méje náà jẹ́ ti yàrá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ro fíṣà mi. Mo ro Ẹ̀gbọ́n tó ṣe mí lóore. Mo tún ro àwọn ọmọdé tó lè há sínú yàrá torí pé orúkọ fóònù àlejò kan gùn.

"Kì í ṣe bátìrì," ni mo bá sọ. "Èmi ni."

Mo ṣàlàyé. Mo ti orí àdúrà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí bí mi ò ṣe lè jẹun láàárọ̀ yẹn nítorí ìbẹ̀rù.

"Habibi, khalas, ó tó!" Ọ̀gá gbá orí mú. "Ó ti yé mi!"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó dé bírò rẹ̀. "Ẹ lọ tún un ṣe. Kí ẹni yìí bá yín wá. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí níṣojú ẹ̀, màá rà á."

Ẹ̀gbọ́n gbé wa dé Sharjah. Ó pa mọ́tò. "Irọ́ kékeré kan péré, o ò lè bá mi gbé e?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìlà kóòdù kan ni mo gbàgbé. Olè ni ì bá kọ́kọ́ rí i, tí kì í bá ṣe ìwọ aláròká yìí."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n ti fi ìlà náà kún kóòdù, a padà lọ. Ilẹ̀kùn ṣí níṣojú mi, tòun ti àdúrà inú fóònù mi, ìyá àgbà fọwọ́ sí ìwé, ọ̀gá sì ṣe fíṣà mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí ìtìjú bá mú wa bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ló máa ń há sí i. Ọ̀gá náà kọ́ ẹ̀kọ́ tiẹ̀: kì í wọ yàrá kankan mọ́ níbi àṣehàn. Èmi ló ń tì mọ́lé báyìí. Mo máa ń dúró sínú òkùnkùn láàárín àpò ìrẹsì àti tìmùtìmù onílé, màá máa gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń ṣàlàyé lọ níta láìkánjú rárá, màá sì máa fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀kùn á fi ṣí.