Àgbélébùú Tí Ottonello Gbé Yí Èbúté Ká

Amedeo Ottonello, tó ni òtẹ́ẹ̀lì ńlá ìlú wa Porto Zaffara, kì í rìn. Ó máa ń yan ni. Bó bá ń kọjá létí òkun nírọ̀lẹ́, àlejò á rò pé òun ló gbẹ́ òkun náà tó sì pọn omi sí i. Àwa tá a mọ̀ ọ́n láti kékeré ti fún un lóríkì: Ajíwodígí ọmọ Ottonello, akíni-bí-ẹni-ń-tọrẹ.

Lọ́dún yìí, ó ní òun fẹ́ jẹ olórí ẹgbẹ́ ilé ìsìn kékeré tó wà létíkun. Kì í ṣe nítorí ọ̀run o. Ilé ìsìn náà ní fàráńdà kan tó kọjú sókun, níbi tí àwa arúgbó ti ń yáàrùn, tí a ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn. Olórí ẹgbẹ́ ló láṣẹ lórí rẹ̀. Ottonello fẹ́ kó tábìlì kọfí síbẹ̀ fún àwọn àlejò rẹ̀, kó lé wa dànù.

Ẹni tó bá fẹ́ joyè yìí gbọ́dọ̀ gbé àgbélébùú ńlá ilé ìsìn náà lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. Á ki ìdí rẹ̀ bọ àpò awọ tó wà níbàdí, á tú ọwọ́ sílẹ̀, á gbé e yí èbúté ká, á sì gbé e wọ ilé ìsìn padà láì jẹ́ kó kanlẹ̀. Àgbélébùú náà wúwo tó géńdé méjì. Ottonello kì í gbé àpò ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Màmá Zita, opó apẹja, bi í pé, “Amedeo, ẹ̀yìn ẹ ńkọ́?”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Bàbá bàbá mi máa ń gbé e, á tún máa jẹ búrẹ́dì lọ.”

“Èyí tó ń ta bọ́tìnnì ní Torino?”

“Ìyẹn ni bàbá ìyá mi.”

Kí ọdún tó dé, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé àgbélébùú lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó ní òun fẹ́ kùn ún lọ́dà. Èyí tí wọ́n gbé padà ń dán gbinrin. A ò mọ̀ pé igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bààlúù ìṣeré ọmọdé ni, àti pé ojúlówó wà lábẹ́ aṣọ tábìlì ní yàrá ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, ó wọ aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ méjèèjì, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́.

“Ẹ ya fọ́tò dáadáa,” ló ń wí. “Ṣé ẹ rí òógùn lójú mi?”

Òógùn ò sí lóòótọ́. Inú mi bàjẹ́. Mo ti ń dágbére fún fàráńdà wa.

Bó ṣe dé ìkángun èbúté ni atẹ́gùn ọ̀sán dé. Ojúlówó kì í ka atẹ́gùn yẹn sí. Èyí gbà á bí ìgbòkun. Ottonello fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ó sáré síwá, ó sáré sẹ́yìn, ó di inú òkun.

Nígbà tó yọrí, àgbélébùú ń léfòó, òun sì dì mọ́ ọn. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní, “Ọ̀gá, géńdé méjì yín mọ omi wẹ̀ o.”

Ẹ̀rín sọ. Ottonello ń wúkọ́, ó ní, “Mi ò tíì pàdánù. Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ ni wọ́n wí. Omi kì í ṣe ilẹ̀. Fádà, ẹ sọ fún wọn.”

Fádà Celeste, àlùfáà ilé ìsìn náà, nu omijé ẹ̀rín. “Òótọ́ ló sọ. Kò kanlẹ̀. Ẹni tó bá gbé e wọlé ló joyè.”

Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tútù ti di ẹrù sí Ottonello lára. Kó tó gun òkè, ọlọ́kọ̀ ti na àgbélébùú sí Màmá Zita. Màmá fi ọwọ́ kan gbà á, àpò ẹ̀fọ́ wà ní ọwọ́ kejì, ó sì forí lé ilé ìsìn.

“Ẹ dá a dúró,” ni Ottonello ké. “Kò lè joyè. Ayédèrú nìyẹn! Ojúlówó wà ní yàrá ẹrù mi!”

Gbogbo èbúté yíjú sí i. Màmá Zita ti wọlé.

“O ṣeun, Amedeo,” ni Fádà wí. “Lọ gbé ojúlówó wá fún wa. Ìwọ nìkan.”

Màmá Zita, olórí tuntun, ní ká gbé àga jáde sí fàráńdà ká máa retí Ottonello. Nígbà tí oòrùn wọ̀, kò tíì gbé e dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.