Maikirosikóòpù Inú Ọ̀rá

Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, tísà bàólójì ní iléèwé girama kan nísàlẹ̀ òkè Màpó, ló ránṣẹ́ pe Alhaja Sẹ̀gilọlá tó ń ta òfì l'Ọ́jà'ba. Alhaja ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá bá a ní yàrá sáyẹ́ǹsì, níbi tí tísà ti gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Ẹ kú ìjókòó, tísà. Kí ni Karimat ọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Alhaja. Ẹjọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó fìdí rẹmi nínú bàólójì. Kí a tó forúkọ wọn sílẹ̀ fún WAEC, mo fẹ́ kí ẹ gbà ká gbé e lọ sí kíláàsì àáàtì."

Alhaja wá ibi jókòó. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń fi àkísà di ọwọ́ bèbí ni gbogbo agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà ti ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Ojú wo ni yóò fi kó àáàtì wọlé?

"Òun nìkan ló fìdí rẹmi ni?"

"Rárá o. Gbogbo wọn ni."

"Gbogbo wọn! Ẹ ò kúkú kó gbogbo wọn lọ sí àáàtì, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ibí?"

Hezekiah rẹ́rìn-ín bí ọ̀mọ̀wé. "Kò lè yé yín, Alhaja. Bàólójì le. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí ọpọlọ ọmọ ìsinsìnyí ò gbé. Ẹ mú bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká nínú ara…"

"Karimat mọ ìyẹn. Bí ẹni ń ké kéú ló máa ń kà á nílé. Mo ní kí ló túmọ̀ sí, ó ní, 'Màámi, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, màá gbàgbé èyí tó kàn.'"

"Ó káre. Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn."

"Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́ fún mi, kí ló túmọ̀ sí?"

Tísà wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká gba ibòmíì. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká: koríko, kòkòrò, bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé. Odidi táàmù kan ni mo fi kọ ọ́ sójú pátákó."

Alhaja na ọrùn wo ẹ̀yìn fèrèsé. Koríko ibẹ̀ ga ju ọmọ iléèwé lọ.

"Ẹ ò mú wọn dé ẹ̀yìn ibí yìí?"

"Èyí ò sí nínú ìwé."

"Kòkòrò ń jẹ koríko níbẹ̀ o, tísà. Mò ń wò ó."

"Kòkòrò Ìbàdàn lásán nìyẹn, Alhaja."

Alhaja mirí. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí nǹkan kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ta nìyẹn?"

Tísà fò dìde. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Maikirosikóòpù ni. Òun ni wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn tó jáde níbí ló fi ta wá lọ́rẹ."

"Kí làwọn ọmọ ti fi wò?"

"Kí wọ́n wá bà á jẹ́? Inú ọ̀rá ló wà nígbà tó dé, inú ọ̀rá náà ló ṣì wà."

"Ẹni tó bá fẹ́ ra òfì lọ́wọ́ mi, màá jẹ́ kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó gbọ̀n ọ́n, kó fi bora. Ẹ̀yin di ọjà pa, ẹ wá ń bínú pé oníbàárà ò mọ̀ ọ́n."

Hezekiah rí àyè. "Alhaja, àwọn abọ́ tánganran tí Karimat sọ pé ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín ńkọ́? Ta ló ti fi wọ́n jẹun rí?"

Alhaja mọ èyí tó ń wí. Abọ́ ìgbéyàwó ni. Ọmọ tó bá sún mọ́ wọn nínú ilé, ariwo ló máa gbọ́.

"Abọ́ tèmi ò ní WAEC í ṣe," ó dáhùn. "Ẹ tú u."

Hezekiah tú ọ̀rá náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ́ fìlà lórí ọba. Ó di ojú kan, ó lẹ èkejì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó yí nǹkan kan síwájú. Ó tún yí i sẹ́yìn. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ ṣe sùúrù."

"Tísà, ṣé ẹ ti lò ó rí?"

"Iléèwé tí èmi náà lọ, inú ọ̀rá ni tiwọn wà."

"Mo ní kí lẹ rí?"

"Òkùnkùn ni, Alhaja. Òkùnkùn biribiri."

Alhaja dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ fà sórí.

"Ohun tí Karimat ń rí ní kíláàsì yín nìyẹn. Kò sì tíì ní kí wọ́n gbé yín lọ sí àáàtì."